Férémù kẹ̀kẹ́ carbon fiber tí mo ti ń gùn láti bí ọdún 2: ó dáa gan-an, àmọ́ inú ló ti ń fara pa

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mo fẹ́ràn férémù yìí o (fọ́nrán carbon tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é), mi ò tíì gun kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ tó o rí. Alumíníọ̀mù ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun, ọwọ́ á máa ro mí títí mo fi máa délé, èyí ò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni tí mo bá dìde lórí pẹ́dà láti gun òkè, ìdí ẹ̀ kìí yẹ̀.

Oṣù kẹjọ tí mo rà á ni mo fi ṣubú. Kìí ṣe ìṣubú ńlá, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán ni kẹ̀kẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, òpó ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ gbá etí kọnkéré. Mo wò ó, ọ̀dà kàn họ díẹ̀ ni, kò tó èékánná. Ká ní irin ni, ibẹ̀ ì bá ti tẹ̀ wọnú, ǹ bá sì ti rí i. Carbon ò ṣe bẹ́ẹ̀, òde á padà sípò bíi pé nǹkankan ò ṣe é, inú lọ́hùn-ún ló ti máa fọ́. Mo ń gùn ún lọ ní tèmi. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, tí mo bá tẹ pẹ́dà gidi, mo rò pé pẹ́dà ni, mo tú u, mo fi gírísì sí i, ó ṣì ń dún.

Ni mo bá mú owó ẹyọ kan, mo ń fi kan òpó yẹn láti òkè wá sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń dún kéń kéń, bí mo ṣe dé ibi tó họ yẹn ló di pò pò bí ìgbà téèyàn ń kan páálí. Àyà mi já. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ultrasound wò ó fún mi fi hàn mí pé àwọn ìpele inú ti ya kúrò lára ara wọn, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

Ẹ rò ó bí ìgbálẹ̀. Fọ́nrán carbon kan ò nípọn ju nǹkan bíi 7 nínú 1000 mílímítà lọ, tí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, tẹ́ ẹ fà wọ́n gbọọrọ, ẹ ẹ̀ ní lè já wọn bọ̀rọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tú okùn ìgbálẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń tì í látorí àti látìdí, ṣe ni á tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó lẹ fọ́nrán pọ̀, ni okùn yẹn. Wọ́n máa ń to ìpele yẹn lórí ara wọn ni, òmíì lọ gbọọrọ, òmíì dábùú ní igun 90 digírì, òmíì gba igun 45 síbí sọ́hùn-ún kó lè gba ìlọ́, àmọ́ láàárín ìpele kan sí èkejì kò sí fọ́nrán kankan tó gún un já, gọ́ọ̀mù nìkan ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni nǹkan tó bá gbá a ti máa ń là á. Tó bá ti là, tẹ́ ẹ bá fà á ó ṣì lè fara dà á dáadáa, ìgbà tẹ́ ẹ bá tì í pọ̀ ni ìpele tó dá wà yẹn máa tẹ̀, tó sì lè ṣẹ́ lójijì.

Ẹni tó tà á ló bí mi nínú. Ó ní kò sí ibi tó sán lóde, torí náà kò kan òun! Ìwé tó bá a wá sọ pé kí n má fi ju 5 Nm (ìwọ̀n agbára téèyàn fi ń lọ́ bóòtù) dè bóòtù ìjókòó, ìyẹn dáa, torí tẹ́ ẹ bá dè é jù á fọ́ ọ, àmọ́ kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ lórí kéèyàn gbá a mọ́ nǹkan.

Mo ní kí àwọn tó ń tún carbon ṣe bá mi tún un ṣe ṣá. Wọ́n ha ibẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ̀, wọ́n to ìpele tuntun sí i, bí ti àtijọ́ ṣe dojú kọ ni wọ́n ṣe to tuntun náà, wọ́n wá fi ooru mú un le. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, kò dún mọ́.

Férémù, mo fún un ní 4 nínú 5. Ẹni tó tà á, 1. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé gan-an ni kẹ́ ẹ ti fi owó ẹyọ kàn án yípo, kẹ́ ẹ gba ohùn ẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ lè fi wéra tó bá yá. Àlòkù ńkọ́? Mi ò lè rà á láìkọ́kọ́ kàn án.