Oògùn oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún ẹlẹ́wọ̀n alárùn ọpọlọ

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n bíi ti Ìjẹ̀bú-Òde, nọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní oògùn oníhóró gbọ́dọ̀ dúró ti ẹlẹ́wọ̀n náà: kó gbé e mì, kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fi pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, á tà á. Artane, oògùn tó ń dẹ́kun ọrùn lílọ́ àti ara gbígbọ̀n tí oògùn ọpọlọ ń fà, ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí àwọn kan ń fi í yó.

Abẹ́rẹ́ fluphenazine, oògùn àrùn ọpọlọ tó ń pẹ́ lára, kò ṣeé tà. Mílígíráàmù 12.5 ni ẹ fi dán an wò, lẹ́yìn náà 25 lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, jinlẹ̀ sínú ẹran ìdí. Bó bá jẹ́ ọ̀tún lónìí, òsì ló kàn. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà bá mú kí ọrùn aláìsàn lọ́, kò ṣeé fà jáde lára rẹ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́ la fara mọ́, bí aláìsàn bá gbà. Kì í ṣe ìjìyà o! Bí kóòtù bá dá a sílẹ̀ lójijì, oògùn ṣì wà lára rẹ̀ títí ẹbí yóò fi mú un dé ilé ìwòsàn.