Daphne bholua 'Jacqueline Postill': ó wọ́n, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀

Lórí òórùn dídùn nígbà òtútù ní Ìlú Ọba, igi kékeré yìí ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta ló ń yọ òdòdó funfun tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Alan Postill ló mú un hù ní Hillier Nurseries, ilé iṣẹ́ tó ń hu igi àti òdòdó tà ní England, lọ́dún 1982, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè é. Ó lè ga tó mítà 2 sí 3.

Kékeré ni kí ẹ rà á, torí gbòǹgbò rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n tún un gbìn. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìkòkò rẹ̀, ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ yẹ̀pẹ̀, ẹ má rì í jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí atẹ́gùn kò ti ní fẹ́ ẹ ló dára, nítòsí ilẹ̀kùn (ta ló fẹ́ rìn dé ìpẹ̀kun ọgbà nínú òtútù?). Omi tó dúró ló ń pa á jù: gbòǹgbò á jẹrà. Bí òtútù bá mú kí ewé rẹ̀ já, kò tíì kú. Ẹ má máa gé e. Májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, oje rẹ̀ sì ń mú ara yún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.