Ìwé Donald Keene lórí dáyárì àwọn ará Jàpáànù: ẹ rà á, ẹ kà á

Nínú gbogbo ohun tí Donald Keene kọ nípa ilẹ̀ Jàpáànù, Travelers of a Hundred Ages ni mo máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wá. Dáyárì ló dá lé lórí, èyí tí àwọn mọ́ńkì, obìnrin ààfin, akéwì àti arìnrìn-àjò ti ń kọ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án wá.

Ẹ má fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ o! Ọmọ New York ni Keene, 1922 ni wọ́n bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kọ́ ọ ní èdè Jàpáànù, wọ́n sì kó àwọn ìwé tí wọ́n rí lára òkú ọmọ ogun ọ̀tá fún un láti kà. Dáyárì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí ìparí tiwọn pé kí ẹni tó bá rí i jọ̀wọ́ dá a padà fún ẹbí àwọn lẹ́yìn ogun. Keene tọ́jú irú rẹ̀ pamọ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tú tábìlì rẹ̀, wọ́n gbà á. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ni ará Jàpáànù tí òun kọ́kọ́ mọ̀ dénú, wọ́n sì ti kú kí òun tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti ka ibí yìí á mọ ìdí tí ọkùnrin náà kì í fi fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ti Ki no Tsurayuki ló wọ̀ mí lára jù. Akéwì ni, ó sì ti ṣe gómìnà Tosa, agbègbè kan ní Jàpáànù. Ní 935 ló padà dé olú-ìlú lójú omi, ẹ̀rù ọlọ́ṣà orí omi sì ń bà wọ́n lọ́nà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kú sí Tosa. Èdè àwọn ará Ṣáínà ni ọkùnrin fi ń kọ dáyárì nígbà náà, nítorí náà ó kọ tirẹ̀ bí ẹni pé obìnrin ló ń sọ̀rọ̀, ó sì rí àyè sunkún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Keene kò sọ àsọdùn kankan lé e lórí. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn.

Ọmọbìnrin inú dáyárì tí wọ́n ń pè ní Sarashina náà wà níbẹ̀, tí kò ní ìfẹ́ ohun mìíràn ju kó ka ìtàn Genji, ìwé ìtàn àròsọ àtijọ́ kan, tán lọ, àti obìnrin tí a mọ̀ sí ìyá Michitsuna, tí owú ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tí Keene dé orí tó dá lórí akéwì Bashō àti ìrìn-àjò rẹ̀ ti 1689, ó fi dáyárì Sora, ẹni tí òun àti Bashō jọ rìn, hàn wá pé akéwì náà yí àwọn nǹkan kan padà kí ìwé rẹ̀ lè dùn.

Àléébù rẹ̀ kan wà. Inú ìwé ìròyìn Asahi Shimbun ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ jáde lédè Jàpáànù, ó sì hàn: bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ṣe ń wọ̀ ọ́ lára báyìí, orí ti parí. Ó dùn mí gan-an lórí àwọn obìnrin ààfin, tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ìlọ́po mẹ́ta ojú ewé tó gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, Seeds in the Heart, ìwé Keene ti 1993 lórí ìtàn lítíréṣọ̀ Jàpáànù, wà, ó ju ẹgbẹ̀rún ojú ewé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo lè gbà nímọ̀ràn láti ra ìyẹn. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe gbé ayé ní Jàpáànù àtijọ́, ti dáyárì yìí ni kó mú, kó máa ka orí kan lálẹ́.