Manga tí mo fi owó ara mi rà sí Ìlọrin: ẹ ní kí wọ́n fi inú ìwé hàn yín kí ẹ tó sanwó

Ìdìpọ̀ mẹ́wàá manga, ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan, ni mo kọ́kọ́ rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹtàwé kan tó ń pàtẹ lórí Instagram ló fi wọ́n ṣe wébíìlì sí mi láti Èkó ní ọdún 2022, mo sì lọ gbà wọ́n ní gáréèjì Gẹ̀rí-Àlímì ní ọ̀sán Sátidé kan. Mi ò lè mú sùúrù dé ilé. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó gbé wọn wá níbẹ̀ ni mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ya téèpù ara páálí, mo fa ìwé kìíní jáde, mo ṣí i, gbogbo ayọ̀ tí mo gbé kúrò nílé sì tán lára mi. Ayédèrú ni gbogbo wọn.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá mi rèé nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi sì máa ń mọ bébà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Bọ́ǹdì funfun báláú ni wọ́n fi tẹ ìwé náà, irú èyí tí àwa náà fi ń tẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Èèpo rẹ̀ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé inú yàrá tí kò níná ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù ṣì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. ₦3,000 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn tó ń ta ojúlówó ń pè é ní ₦6,500. Mo pe òǹtàwé náà, ó ní òun ò fìgbà kankan sọ pé ojúlówó ni. Òótọ́ ni, mi ò bèèrè. Ṣùgbọ́n ti ojúlówó ni àwòrán tó gbé síta tí mo fi rí i.

Láti ìgbà náà mo ti ra ìdìpọ̀ 64 lọ́wọ́ òǹtàwé mẹ́rin, yàtọ̀ sí tòkunbọ̀ tí mò ń ṣà jọ nígboro Ìlọrin. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń wá ṣe iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń rí irú páálí tèmi yẹn lọ́wọ́ wọn, owó oúnjẹ ni wọ́n sì fi rà á.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, bó bá ṣe ìtàn kan náà ni, kí ló kan bébà? Ó kàn án gidigidi. Manga kì í ṣe ìtàn tí wọ́n kọ tán tí wọ́n wá fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwòrán ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Yàtọ̀ sí ojú ewé díẹ̀ tó lè ní àwọ̀, yíǹkì dúdú nìkan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, lórí bébà fúyẹ́ tí kò funfun tán. Kò sí yíǹkì aláwọ̀ eérú níbẹ̀. Òjìji abẹ́ igi, ìrọ̀lẹ́, aṣọ tó ti gbó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń tijú: ẹ gbé ìwé sún mọ́ ojú, ẹ ó rí i pé àmì dúdú tó-tò-tó ni gbogbo rẹ̀, bíi ti ara awó. Ibi tí ayàwòrán bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, àmì á kéré. Ibi tó bá fẹ́ kó ṣú, àmì á ki.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò ní fáìlì tí ilé iṣẹ́ fi tẹ ìwé. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ ló máa gbé sórí sikáánà, tàbí kó wa àwòrán jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tún un tẹ̀. Sikáánà náà ní àmì tó-tò-tó tirẹ̀ tó fi ń ka nǹkan, kò sì bá ti inú ìwé ṣe déédéé. Bí méjèèjì bá gun ara wọn, ìlà bí ìgbì omi á yọ níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà, àwọn àmì tó sún mọ́ra á sì dì pọ̀ bí ọ̀dà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń tijú á wá dà bíi ti ẹni tó ń fẹ́ná nídìí àdògán.

Àárín ìwé náà tún wà níbẹ̀. Àwa tí à ń di ìwé mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí gọ́ọ̀mù máa mú. Ayédèrú kì í fi í sílẹ̀ tó. Àwòrán tó bá gba ojú ewé méjì, gọ́ọ̀mù á gbé imú ẹni tó wà láàárín mì. Bí wọ́n bá sì gé etí ìwé kó lè dọ́gba, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù ni Vagabond, iṣẹ́ Takehiko Inoue, ìtàn Miyamoto Musashi, jagunjagun onídà ilẹ̀ Japan. Ọdún 1998 ni Inoue bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti tó ìdìpọ̀ 37 kó tó dáwọ́ dúró, kò sì tíì parí rẹ̀. Burọ́ọ̀ṣì ló fi ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí burọ́ọ̀ṣì ti mu yíǹkì yó, ẹ ó sì rí ibi tó ti ń gbẹ lọ tí irun rẹ̀ là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bébà. Mo ra ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń pè ní VIZBIG, tí Viz Media, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé manga jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdìpọ̀ mẹ́ta ṣe ìwé kan, tí ojú ewé rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. ₦27,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù títí iná fi lọ, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kí n lè máa wò ó nìṣó. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, koríko àti afẹ́fẹ́ ni. Mo pẹ́ lórí rẹ̀ ju orí ìjà lọ. Ká ní inú ayédèrú ni mo ti bá a pàdé, ǹ bá ti ṣí i kọjá.

Owó wá ńkọ́? Ó wọ́n. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ìwé wọ̀nyí wọlé. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ń rìn ní àyíká ₦1,500. Ìwé dọ́là mẹ́wàá tí ì bá jẹ́ ₦4,600 ti di ₦15,000 kó tó wọ ọkọ̀ rárá. Èmi ń ra ìdìpọ̀ kan ní ₦16,000 báyìí, owó wébíìlì lọ́tọ̀. Naruto ti Masashi Kishimoto, tó jáde láti 1999 sí 2014, ìdìpọ̀ 72 ni. ₦16,000 lọ́nà 72 jẹ́ ₦1,152,000. Iye tí èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tó ní òpin tí ọwọ́ yín lè tó. Death Note kò ju ìdìpọ̀ 12 lọ. Fullmetal Alchemist ti Hiromu Arakawa jẹ́ 27, ó sì parí dáadáa. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, bí èyí tí ẹ fẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lórí MANGA Plus, áàpù tí Shueisha, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ manga ní Japan, fúnra wọn gbé jáde ní ọdún 2019. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fi àwọn orí àkọ́kọ́ àti àwọn orí tó jáde kẹ́yìn sí i. Ìdìpọ̀ méjì ni mo rà nígbà kan tí ìtàn rẹ̀ sú mi ní ojú ewé 40. Ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka manga lọ sí òsì. Ibi tí ìwé òyìnbó ń pè ní ẹ̀yìn ni iwájú rẹ̀, Viz sì máa ń fi ìkìlọ̀ sínú àwọn ìwé wọn fún ẹni tó bá ṣèèṣì gba ibi òdì wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí ilé kéwú ní Òkè-Àpómù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí i láti ọ̀tún láì bèèrè nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bí a ṣe ń ṣí wọn ní kéwú náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣì ń lọ láti òsì bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kò burú, ó sì ti dé ojú ewé kẹta.

Ẹ má fojú di tòkunbọ̀ o. Lẹ́bàá ọ̀nà ní Post Office ni mo ti rí ìdìpọ̀ Fullmetal Alchemist mẹ́ta láàárín ìwé ìṣirò àti ìwé oúnjẹ sísè, tí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà kan wà lára wọn. ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí wọn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọkùnrin tó ń tà wọ́n sì ń tọrọ àforíjì fún un. Kò yẹ kó tọrọ àforíjì. Bébà tí wọ́n fi igi ṣe láì yọ gbogbo ohun tó wà nínú igi kúrò ni, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń pọ́n ọn. Yíǹkì orí rẹ̀ dúdú kirikiri síbẹ̀. Èmi ó yan ojúlówó tó pọ́n ju ayédèrú tó ń tàn lọ nígbàkigbà.

Ní ti ọjà tuntun, obìnrin kan ní Ìbàdàn ni mo dúró tì báyìí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gba owó sílẹ̀, ó ń kó ọjà wọlé. Nǹkan bíi ₦1,500 ni iye tó ń pè fi ju ti àwọn yòókù lọ lórí ìdìpọ̀ kan. Ìdí tí mo fi ń san án ni pé, bí mo bá ní kó ṣí ìwé sí àárín gbùngbùn kó ya fídíò rẹ̀ fún mi, kì í bínú. Ó máa gbé kámẹ́rà sún mọ́ òjìji kan títí n ó fi rí àmì tó-tò-tó. Ó máa to ẹ̀yìn àwọn ìdìpọ̀ pọ̀ kí n lè rí i bóyá orúkọ àti nọ́ńbà orí wọn wà lójú ìlà kan náà. Ti ayédèrú máa ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ó tún máa fi ojú ewé tó sọ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà àti ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yìí hàn mí, ṣùgbọ́n èmi kì í gbára lé ìyẹn nìkan, nítorí ẹni tó da gbogbo ìwé kọ á da ojú ewé yẹn náà kọ. Òǹtàwé kejì tí mo bèèrè irú fídíò yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣé mo fẹ́ ka ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Mi ò rà á.

Obìnrin náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló di, ó sì tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò fèsì nínú rẹ̀. Inú mi ò dùn rárá. Páálí kan dé pẹ̀lú ìgun tó wó mọ́lẹ̀, ó ní gáréèjì ló ṣe é, kò dá nǹkan kan padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀ ẹ́ kó máa fi náílọ́ọ̀nù wé ìwé kọ̀ọ̀kan, kó fi páálí líle sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbà, ó ń ṣe é títí dòní.

Mo ra ọ̀kan tí kì í ṣe manga lọ́dọ̀ rẹ̀: Iyanu, tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan yà, tí ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2021. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, nínú ayé tí wọ́n fi àṣà wa gbé kalẹ̀. Àwọ̀ ló kún inú rẹ̀, orí bébà tó ń dán, òsì ni wọ́n sì ti ń kà á bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dá a padà.

Ní ti ìtọ́jú, ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣeré. Ó ń fa omi kúrò lára bébà, èèpo ìwé á máa ká sókè, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gan. Bí ẹ bá la ìwé tuntun pẹrẹsẹ ní oṣù Kìíní, ẹ ó gbọ́ kó sọ pé kàá. Mo máa ń ṣí tèmi díẹ̀díẹ̀, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn wá sí àárín, bí a ṣe ń ṣe sí ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Mi ò gbé wọn síbi tí oòrùn fèrèsé lè bá wọn. Nígbà òjò, ikán àti kòkòrò ni mò ń ṣọ́. Ìyá mi ní Ọ̀ffà ló kọ́ mi ní ti èyí. Ó ní àwọn Atọ́ka àtijọ́, ìwé ìròyìn tó fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré tíátà Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lára àwòrán. Inú àpótí irin ló kó wọn sí, ó fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò kò fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ewé kan náà ló wà lábẹ́ tèmi.

Ìdìpọ̀ mẹ́wàá ayédèrú yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tuntun bá dé, mo máa ń ṣí ìkíní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, ojú ewé kan náà, mo sì máa ń ní kó sọ ohun tó rí fún mi. Ti Naruto ni wọ́n, mo sì ti fi ojúlówó rọ́pò mẹ́rin nínú wọn. Ìkarùn-ún ti dé Ìbàdàn. Ó yẹ kó wọ Gẹ̀rí-Àlímì ní Ọjọ́bọ̀.