Kindle, Kobo àbí Boox: Èwo Lẹ Máa Rà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìkàwé, ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: ṣé ó mọ́lẹ̀, ṣé ó tóbi. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. Ibi tí ìwé yín ti máa ń wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, torí ojú Kindle àti ti Kobo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. E Ink ni méjèèjì.

Ojú E Ink yìí ló fi ta fóònù yọ. Fóònù ń ta iná sí ojú ẹni. Ní ti E Ink, hóró dúdú àti funfun tó kéré ju eruku lọ ló wà nínú epo. Iná mànàmáná á fa dúdú sókè níbi tí lẹ́tà wà, á fa funfun sókè níbi tó ṣófo. Bí wọ́n bá ti dúró, wọn ò lo iná mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ojú ewé tó kàn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tẹ́ ẹ sì lè kàwé nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń polówó, kíkà ìdajì wákàtí lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ka wákàtí mẹ́ta, tó tan iná rẹ̀ sókè, kò lè rí iye yẹn.

Nígbà mìíràn, lẹ́tà ojú ewé tó kọjá á ṣì máa hàn fírífírí lẹ́yìn tuntun. Kò bàjẹ́, hóró díẹ̀ ni kò tíì padà sáyè wọn. Ẹ tan Page Refresh lórí Kindle. Lórí Kobo, ẹ lè yan iye ojú ewé tẹ́ ẹ máa kà kó tó nu ara rẹ̀ mọ́.

Kindle

Ẹni tó máa máa ra ìwé lọ́wọ́ Amazon, Kindle ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ìwé tó wà níbẹ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pa, kò ní ṣí lórí Kobo. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni wọn kò ti gba kẹ́ ẹ wa ọ̀pọ̀ ìwé tẹ́ ẹ rà jáde láti orí ìkànnì wọn sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi wáyà gbé e sínú ẹ̀rọ, mọ́.

Fáìlì ìwé tí wọ́n ń pè ní EPUB, tẹ́ ẹ rí níbòmíì ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá fi wáyà gbé e sínú Kindle, kò ní ṣí. Send to Kindle, ètò tí Amazon fi ń gba fáìlì yín, lẹ máa gbé e gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti yí i padà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kobo

Kobo ń ṣí EPUB bó ṣe wà. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Connect lójú rẹ̀, ẹ kópì fáìlì sínú rẹ̀, ẹ tẹ Eject kẹ́ ẹ tó yọ wáyà. Ẹni tó bá kàn já wáyà yọ lè bá ìwé tí kò pé, tàbí kó má rí i rárá.

Ọ̀pọ̀ Kobo ló ní ètò OverDrive nínú, fún ẹni tó ń yá ìwé ní láíbìrì. Láti 2024, ẹ tún lè rí ẹ̀yà ara Clara Colour, Clara BW àti Libra Colour rà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iFixit, pẹ̀lú ìlànà bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ wọn. Bátìrì tó kú kò gbọ́dọ̀ sọ odindi ẹ̀rọ di ohun à-sọnù. Lójú tiwa, èyí nìkan tó láti fi yan Kobo.

Boox

Android ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè gbé áàpù Kindle àti ti Kobo sórí rẹ̀ pọ̀. Bátìrì rẹ̀ máa ń tètè tán ju tàwọn méjì yòókù lọ, ètò inú rẹ̀ sì pọ̀.

Ìwọ̀n àti àwọ̀

Ínṣì 6 tó fún ìwé ìtàn. Ẹ má fi ka PDF tí wọ́n ṣe fún ìwé A4: fífẹ̀ A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21, ojú ẹ̀rọ ínṣì 6 kò ju nǹkan bíi 9 lọ, lẹ́tà á sì sún kì ju ìdajì lọ. Ínṣì 10.3 ni kẹ́ ẹ wá. Ní ti aláwọ̀, ojú E Ink tó ń jẹ́ Kaleido 3 ń fi àmì kékeré 300 hàn nínú ínṣì kan fún dúdú, 150 péré fún àwọ̀, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tí kì í ka ìwé alákàwé àwòrán kò nílò rẹ̀.

Àmì ohùn

Ẹ ṣí ìwé Yorùbá kan kẹ́ ẹ wo ọ̀ àti ẹ́ dáadáa. Tí àmì bá ṣí kúrò lórí lẹ́tà, tàbí tí àpótí ṣófo bá wà níbẹ̀, fọ́ńtì ló fà á. Ẹ gbé Charis SIL tàbí Gentium sínú fódà tó ń jẹ́ fonts lórí Kindle tàbí Kobo (lórí Kobo, ẹ lè ní láti dá fódà náà sílẹ̀ fúnra yín), kẹ́ ẹ wá yàn án níbi Aa. Kò ní ran PDF o.

Àlòkù

Kí ẹni tó fẹ́ tà á kọ́kọ́ yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò níṣojú yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó funfun gbòò: ìlà tó bá wà níbẹ̀ tí kì í lọ, gíláàsì inú ló ti sán, bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Títẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú báàgì ló sábà máa ń fà á, nítorí náà ẹ ra ìbòrí líle pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.