Thunderbolt tòkunbọ̀: ẹ̀rọ náà ò burú, iná wa ni

Ọdún kan rèé tí mo ti ra Thunderbolt tí Trimble ṣe, ẹ̀rọ aago tó péye gan-an tí GPS ń darí, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ìdí másìtì fóònù ni irú wọn ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ fóònù tó ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní CDMA, bíi Starcomms àti Multilinks tiwa níjọ́sí. CDMA ò gbà kí aago másìtì kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ni wọ́n ṣe nílò rẹ̀. Kírísítà kan wà nínú àpótí gbígbóná kékeré nínú rẹ̀. Aago àwọn sátẹ́láìtì GPS ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Àmì 10 MHz (ìgbì iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó ń gbé jáde ni mo fi ń yẹ àwọn irinṣẹ́ tí mo fi ń tún rédíò ṣe wò.

Iná mẹ́ta ló ń jẹ: fóòtì +5, +12 àti −12. Ẹ má gbójú fo −12 yẹn o. Páwà kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ lò, ariwo fáànù rẹ̀ ló jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ti ẹ́ríà ò le rárá: ẹnu F ni, bíi ti díkódà, wáyà díṣì tó ṣẹ́kù nílé ni mo fà dé orí páànù.

Ibi tójú mi ti rí màbo ni kọ̀ǹpútà. Mo lo wáyà USB tí àwọn tó ń ṣe Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) máa ń lò láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àmì wúruwùru nìkan ni mo rí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi. Àṣé RS-232, ìlànà ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ni Thunderbolt ń sọ, wáyà tèmi ò gbọ́ èdè yẹn. Mo ra èyí tó gbọ́ ọ, mo to ìyára àti ìlànà ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sí 9600, 8N1, ni Lady Heather, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ náà hàn, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni Lady Heather, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń ya sátẹ́láìtì sójú òfuurufú, ó ń fa ìlà ìgbóná àti ìlà fóòtì tó ń fi darí kírísítà. Mo ṣí fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò pẹ́ tí ìlà ìgbóná wálẹ̀, tí ìlà kejì náà sì yẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí déètì tí Thunderbolt yín ń gbé jáde kò bá tọ̀nà, ẹ má jáyà: láti òpin oṣù Keje 2017 ló ti ń padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ 1024. Lady Heather lè tún un ṣe, 10 MHz ò sì fi ṣe nǹkan kan.

Àmọ́ iná! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ, kírísítà á tutù, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbóná padà, mi ò sì kí í gbára lé e kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ó ti wà lórí ìnfátà báyìí. Ìyàwó mi ní kí n yan ẹ̀rọ náà àbí fíríìjì. Ẹni tí kò bá ní ìnfátà, kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.