RNLI: àwọn tó ń bọ́ sójú òkun nítorí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí

Bí ooru bá ti mú ní Ìlú Ọba, etíkun Southend àti Margate ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kó ọmọ lọ. Ó yẹ kí ẹ mọ RNLI (Royal National Lifeboat Institution) kí ẹ tó gbéra. Bí ẹnì kan bá kó sí wàhálà lórí omi, àwọn ló ń gbé ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà jáde, tọ̀sán tòru, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ. Ọdún 1824 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba: owó ìtọrẹ àti ogún tí àwọn olóògbé fi sílẹ̀ ló ń gbé wọn ró jù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà kì í gba owó oṣù. Tíṣà wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, onísọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Bí péjà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pè wọ́n, bá ti dún, wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀, ó di ibùdó. Ibùdó Tower, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù, yàtọ̀ díẹ̀: inú ibùdó gan-an ni wọ́n ń dúró sí tọ̀sán tòru, torí odò Thames ń sáré, kò sì fún èèyàn láyè.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cornwall lóru 19 Oṣù Kejìlá 1981. Ìjì ńlá ń gbá ọkọ̀ Union Star lọ sí àpáta. Èèyàn 8 láti abúlé Mousehole wọ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà Solomon Browne lọ bá a. Trevelyan Richards, ọ̀gá wọn, dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan padà nítorí pé bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Kò fẹ́ mú méjì nínú ìdílé kan. Wọ́n ti yọ èèyàn 4 kí òkun tó gbé gbogbo wọn. Èèyàn 16 ló kú lóru náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èèyàn tó tó wa ọkọ̀ mìíràn ti fi orúkọ sílẹ̀ ní abúlé kan náà. Bí wọ́n bá bi wá léèrè ìdí tí ọkàn wa fi balẹ̀ sí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni a ó tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Àwa tí à ń pè wọ́n la sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń darí ìgbàlà lójú òkun, lẹ ń fẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ sọ orúkọ etíkun, iye èèyàn tó wà lómi, àti ohun tí wọ́n dì mú. Ẹ má gbójú kúrò lára wọn, ẹ má sì bẹ́ sómi tọ̀ wọ́n. Ẹ ju ohun tó lè léfòó sí wọn.

Ẹni tó ṣubú sómi kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Omi tí kò tó 15°C máa ń já èémí gbà lẹ́nu èèyàn, ibẹ̀ lẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá ti ń mu omi. Kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí etí wọ omi, kó rọra máa fi ọwọ́ gbá omi. Bí ẹsẹ̀ bá rì, kò burú. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, èémí á padà.

Àárín àsíá pupa òun yẹ́lò ni kí ẹ ti wẹ̀. Àsíá pupa nìkan: kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí ẹ bá rí àpò aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ má gbé bọ́ọ̀tì onírọ́bà tọmọdé sómi rárá. Atẹ́gùn láti orí ilẹ̀ ni. Ó máa ń jẹ́ kí omi ẹ̀bá etíkun parọ́rọ́, òun náà ló sì ń ti ọmọ lọ sójú agbami.

Àléébù tí a rí ni pé kì í ṣe gbogbo etíkun ló ní ẹ̀ṣọ́ wọn tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀, ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní in sì máa ń ní in jù, bíi aago 10 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ lè ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àwọn ibùdó kan. Ẹ kọ́kọ́ wo wákàtí tí wọ́n ń ṣí, kí ẹ má baà bá ilẹ̀kùn ní títì.